Dàhómì àti Faransé: Ìwé tí ó Gba Ilẹ̀ àti Ìwé tí ó Dá Ẹrù Padà

Ìtàn ìdílé àti ìtàn oyè ni a sábà máa ń kà nínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa. Lọ́tẹ̀ yìí, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ yín kí a gbé ojú wa kọjá ààlà díẹ̀, kí a wo bí nǹkan ti rí láàrin Dàhómì, tí à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ nísinsìnyí, àti Faransé tí ó mú un sìn.

Bí ẹnìkan bá béèrè pé kí ni ó kàn wá níbẹ̀, ìdáhùn kò jìnnà. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ọmọ Yorùbá ni àwọn ará Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Ìdáàṣà, abẹ́ Faransé ni wọ́n sì bọ́ sí. Ohun tí ó ṣe Dàhómì ṣe wọ́n pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìdí kejì ni ó mú mi kọ èyí. Ìbọn ni Faransé fi ṣẹ́gun Dàhómì, ṣùgbọ́n ìwé ni ó fi jogún rẹ̀. Nígbà tí díẹ̀ nínú ẹrù tí ó kó lọ sì máa padà wálé ní ọdún 2021, ìwé náà ni ó mú un padà. Ìlú tí kò bá ní ìwé lọ́wọ́ nílò láti fi etí sí ìtàn yìí dáadáa.

DÀHÓMÌ KÍ FARANSÉ TÓ GBA Á

Àwọn Fọ̀n ni ó ni ìjọba Dàhómì, Àgbómẹ̀ sì ni olú-ìlú wọn. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Dàhómì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin Ọ̀yọ́, kò sì bọ́ nínú rẹ̀ títí di ìgbà ọba Ghezo, tí ó jọba láti 1818 títí di 1858. Bí Ọ̀yọ́ ti ń fọ́, bẹ́ẹ̀ ni Dàhómì ń yíjú sí ìhà ọ̀dọ̀ wa láti kó ènìyàn lẹ́rú. Ó gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1851, ó sì tún padà wá ní 1864. Ẹ̀gbá lé e lọ ní ìgbà méjèèjì. Kétu kò rí i lé. Dàhómì kó o ní 1883, ó sì tún dó tì í ní 1886 títí ó fi fọ́ ìlú náà, tí ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí oko ẹrú. Àkàbà Ìdènà, ẹnu odi Kétu tí gbogbo ayé mọ̀, ṣì wà níbẹ̀ tí ó ń jẹ́rìí sí bí ìlú náà ti gbìyànjú tó láti dáàbò bo ara rẹ̀. Nínú àwọn ẹrú tí a ti kó gba etíkun yẹn kọjá sí Brazil ní àwọn ìgbà tí ó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, àwọn kan gbé orúkọ Kétu dání. Títí di òní, ẹ̀ka ìsìn òrìṣà kan ní Bahia ń jẹ́ Kétu.

Mo fi èyí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ fi Dàhómì ṣe ẹni tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀. Ó ṣẹ̀ wá, ẹ̀ṣẹ̀ náà kò sì kéré. Ṣùgbọ́n pé ẹnìkan jẹ́ aninilára kò sọ pé kí ẹlòmíràn wá kó o lẹ́rù lọ. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ méjèèjì dání bí a ti ń lọ.

ÌWÉ ETÍKUN

Ní 1861, ọdún tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Àjàṣẹ́, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Porto-Novo. Ọba ibẹ̀, Sodji, wá ẹni tí yóò fi ẹ̀yìn tì, ó sì gbà ní 1863 kí Faransé máa dáàbò bo ìlú òun. Ààbò náà kò pẹ́ tí ó fi dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n Toffa, tí ó jọba Àjàṣẹ́ láti 1874 títí di 1908, tún pe Faransé padà. Ẹ̀rù Gẹ̀ẹ́sì ní ìhà ìlà-oòrùn àti ẹ̀rù Dàhómì ní ìhà òkè ni ó ń bà á. Ẹni tí ẹkùn ń lé kò ní béèrè ẹni tí ó ni igi kí ó tó gùn ún.

Ní ẹ̀bá ibẹ̀, Faransé gba ìwé àdéhùn ní 1868, ó sì tún gba òmíràn ní 1878, pé Dàhómì ti fi Kútọnu fún òun. Glele ni ó wà lórí ìtẹ́ Àgbómẹ̀ nígbà náà. Ààfin Àgbómẹ̀ kò fìgbà kan gbà pé ọba fi ilẹ̀ tọrẹ. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dájọ́ ilẹ̀ rí lábẹ́ igi ìlú wa yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́. Ní ìlànà àwa ènìyàn dúdú, àlejò a máa rí ilẹ̀ gbé, a sì máa rí ilẹ̀ dáko, ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ títí, onílẹ̀ ni onílẹ̀ ń jẹ́. Nínú ìwé Faransé, ẹni tí ó bá ti fọwọ́ sí i ti ta á nù nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a sọ, ìtumọ̀ méjì ni ó ní, èyí tí a kọ sílẹ̀ ni ó sì borí.

Glele wàjà ní òpin 1889, Béhanzin ọmọ rẹ̀ sì jọba. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní 1890. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún náà, a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn mìíràn ní Wídà: Dàhómì gbà kí Faransé máa gbé Kútọnu kí ó sì fi Àjàṣẹ́ sílẹ̀ fún un, Faransé ní tirẹ̀ yóò máa san 20,000 fránkì fún ọba lọ́dọọdún. Ẹni tí ó bá ń gba owó lórí ilẹ̀ lọ́dọọdún lè máa wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ṣì ni onílẹ̀. Faransé kò kà á bẹ́ẹ̀, kò sì pé ọdún méjì kí ó tó hàn.

OGUN 1892 ÀTI ẸRÙ ÀÀFIN

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1892, àwọn ọmọ ogun Dàhómì yìnbọn sí ọkọ̀ Faransé kan lójú odò Ouémé, Faransé sì mú un ṣe ìdí láti jagun tán. Ọ̀gágun Alfred Dodds ni a fi ṣe olórí ogun náà. Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà ni a ti bí i, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn dúdú sì wà nínú rẹ̀. Èyí fi hàn wá pé kì í ṣe awọ ara nìkan ni ìjọba amúnisìn fi ń ṣiṣẹ́. Dàhómì jà, tọkùnrin tobìnrin. Àwọn obìnrin ológun Àgbómẹ̀ tí òkìkí wọn kàn dé Yúróòpù wà níwájú ogun. Ṣùgbọ́n ìbọn Faransé lágbára jù. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá 1892, Dodds wọ Àgbómẹ̀. Béhanzin ti dáná sun ààfin kí ó tó fi ìlú sílẹ̀, kí ọ̀tá má baà bá a níbẹ̀.

Iná kò jó gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun kó ìtẹ́ ọba, wọ́n kó ilẹ̀kùn ààfin tí a fín, wọ́n kó ère ńlá mẹ́ta tí a gbẹ́ fún àwọn ọba: ti Ghezo ní àwòrán ẹyẹ, ti Glele ní àwòrán kìnnìún, ti Béhanzin ní àwòrán ẹja ekurá. Dodds kó díẹ̀ lára ìkógun yìí fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Paris, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn ti gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí àkọsílẹ̀ yẹn, nítorí a óò padà sí i.

Béhanzin wà nínú igbó títí di oṣù Kìíní 1894 kí ó tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Faransé gbé e lọ sí Martinique, ní òdìkejì òkun. Ó fi Agoli-Agbo, arákùnrin rẹ̀, jọba. Ní 1900 ó yọ òun náà, ó sì lé e lọ sí Gabon. Ní 1906 a gbé Béhanzin wá sí Àlùjẹ́ríà, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ọdún 1928 ni a tó gbé egungun rẹ̀ wá sí Dàhómì. Ọdún 22 ni òkú ọba fi wà ní ilẹ̀ àjèjì kí ó tó dé ilé.

ÌLÀ TÍ A FÀ SÁÀRIN ỌMỌ ÌYÁ

Kí ogun náà tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti jókòó ní Paris, tí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1889 láti pín ilẹ̀ láàrin ara wọn. Àjàṣẹ́ àti Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Èkó, Badagry àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú Kétu kì bá ti rán aṣojú lọ, nítorí ahoro ni ó jẹ́ ní ọjọ́ náà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà ní oko ẹrú ní Àgbómẹ̀. Síbẹ̀ a pín in. Ìmẹ̀kọ, tí ó ti ara Kétu jáde, tí ó sì ń wo Alákétu bí baba, di ará ìjọba mìíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí nípò rẹ̀.

A gbọdọ̀ fi ti Faransé fún un. Nígbà tí Àgbómẹ̀ ṣubú, ó jẹ́ kí àwọn ará Kétu tí ó wà ní oko ẹrú padà lọ sí ilé wọn. Wọ́n tún Kétu kọ́, Alákétu Oníyegẹn sì gorí ìtẹ́ ní 1894. Ní ọdún wọ̀nyẹn, bí ẹnìkan bá bi ará Kétu léèrè ẹni tí Faransé jẹ́, yóò sọ pé olùgbàlà ni. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí olùgbàlà fi bẹ̀rẹ̀ sí gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Láti 1899 ni owó orí ti wà ní Dàhómì. Aṣojú ìjọba Faransé ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan lè ju ènìyàn sẹ́wọ̀n láì mú un dé ilé ẹjọ́. A ń fi ipá mú àwọn ènìyàn ṣe ojú ọ̀nà, a sì ń sọ àwọn ọba di ìránṣẹ́ tí ń gba owó orí. Nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ dé ní 1914, a tún ń fi ipá mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọṣẹ́ ológun. Àwọn Ọ̀họ̀rí, tí àwọn náà jẹ́ Yorùbá, dìde sí Faransé láàrin 1914 sí 1918, a sì fi ọwọ́ líle tẹ̀ wọ́n rì.

Ọ̀pọ̀ àwọn mìíràn kò gbé ohun ìjà. Wọ́n di ẹrù wọn ní òru, wọ́n sì kọjá sí ìhà Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, tí ó kọ ìwé ńlá lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, fi yé wa pé ọ̀tẹ̀ gan-an ni irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lè bá ọba jà lè fi ìlú sílẹ̀ fún un. Kí a má sì ṣe rò pé párádísè ni ìhà Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1918, owó orí àti iṣẹ́ ipá ni ó fa Ogun Adúbí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sì ta sílẹ̀. Ìyàtọ̀ wà nínú ọwọ́ tí a fi mú wọn, ṣùgbọ́n mímú ni a mú àwọn méjèèjì.

ILÉ Ẹ̀KỌ́

Nítorí pé iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe, mi ò lè fo orí yìí. Ní ìhà ti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ìjọ ajíhìnrere ti sọ èdè Yorùbá di èdè ìwé. Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tú Bíbélì, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì ń fi èdè ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé orí Gẹ̀ẹ́sì. Ní Dàhómì, èdè Faransé ni a fi ń kọ́ ọmọ láti ọjọ́ tí ó bá ti wọ kíláàsì. Ó wá di pé ọmọ Kétu àti ọmọ Ìmẹ̀kọ lè kí ara wọn, kí wọ́n bú sẹ́rìn-ín, kí wọ́n jọ jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá kọ lẹ́tà, èkejì nílò ògbufọ̀. Èmi kò mọ ìlà tí a fà sórí ilẹ̀ tí ó jinlẹ̀ tó èyí tí a fà sínú orí ọmọ.

Síbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ náà bí ohun tí Faransé kò rò. Àwọn akọ̀wé àti olùkọ́ ọmọ Dàhómì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ káàkiri gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wọ̀nyí ni Louis Hunkanrin, ọmọ Àjàṣẹ́, ẹni tí ó fi kálámù bá ìjọba wí lórí ìwà àwọn aṣojú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Àjàṣẹ́ fi ẹ̀hónú hàn ní 1923 nítorí owó orí tí a fi kún, ìjọba di ẹ̀bi rù ú, ó sì lé e lọ sí Mauritania fún ọdún 10. Ó padà, kò dákẹ́, ó sì pẹ́ láyé tó láti rí òmìnira kí ó tó kú ní 1964. Ẹni tí a kọ́ ní èdè ọ̀gá rẹ̀ lè fi èdè náà bi ọ̀gá léèrè ọ̀rọ̀.

ÒMÌNIRA ÀTI OWÓ

Ní 1946 ni Faransé fi òfin mú iṣẹ́ ipá kúrò ní àwọn ilẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1958, ó ní kí wọ́n dìbò: ṣé wọn yóò wà pẹ̀lú òun nínú ẹgbẹ́ tuntun, àbí wọn yóò lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀? Guinea nìkan ni ó ní òun ń lọ, Faransé sì fi ìbínú kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Dàhómì ní òun yóò dúró. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 1960, ó gba òmìnira, Hubert Maga sì di ààrẹ. Oṣù méjì péré ni ó fi ṣáájú òmìnira tiwa. Àwọn ológun gba ìjọba léraléra títí Mathieu Kérékou fi gbà á ní 1972. Ní 1975, ó pa orúkọ Dàhómì tì, ó sì sọ orílẹ̀-èdè náà ní Bẹ̀nẹ̀, láti ara orúkọ agbami òkun tí ó wà níwájú rẹ̀, kí ó má baà jẹ́ orúkọ ẹ̀yà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ní oṣù Kejì 1990, àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ pàdé ní Kútọnu ní àpérò ńlá, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu yí ìjọba padà láì ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ohun iyì tí a kì í sábà rí.

Àsíá yí padà, orúkọ yí padà, ṣùgbọ́n ìwé kan wà nílẹ̀ tí kò yí padà, ìyẹn ìwé owó. Ní oṣù Kejìlá 1945 ni Faransé dá owó sẹ́fà sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ rẹ̀ ní Áfíríkà, òmìnira kò sì mú un kúrò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdajì owó ilẹ̀ òkèèrè tí àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí ní ni a ń fi pa mọ́ sí ilé ìṣúra Faransé. Ànfààní wà nínú rẹ̀: owó náà dúró ṣinṣin, àwa tí náírà ń jó lọ́wọ́ wa kò sì lè fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní 1994, ní ọjọ́ kan ṣoṣo, sẹ́fà tí 50 rẹ̀ ń ra fránkì Faransé kan di 100 kí ó tó rà á. Ìyá tí ó sùn pẹ̀lú owó oògùn nínú ìgbànú jí, ó sì bá ìdajì rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2019, a kéde àtúnṣe pé kí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ń ná sẹ́fà má fi owó wọn pa mọ́ sí Paris mọ́. Ọdún 59 ti kọjá lórí òmìnira kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ibẹ̀.

ẸRÙ PADÀ WÁLÉ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ẹrù ààfin. Ní 2016, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ lábẹ́ Ààrẹ Patrice Talon kọ̀wé sí Faransé pé kí ó dá ohun tí ó kó ní Àgbómẹ̀ padà. Kí ọdún náà tó parí, Faransé fèsì pé kò ṣeé ṣe: òfin òun sọ pé ohun tí ó bá ti wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba, kò tún lè jáde. Ẹ gbọ́ bí ìwé ti ń ṣiṣẹ́! Ìkógun tí a fi ìbọn kó ní ọjọ́ kan ti di ohun ìní tí òfin ń ṣọ́ títí láé.

Ní oṣù Kọkànlá 2017, Ààrẹ Emmanuel Macron sọ ní Ouagadougou pé òun fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ sí dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Áfíríkà padà láàrin ọdún márùn-ún. Ó ní kí Felwine Sarr, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, àti Bénédicte Savoy, ọmọ Faransé, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì jíṣẹ́ ní 2018. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 2020, Faransé ṣe òfin pàtàkì fún ohun 26 ti Àgbómẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá 2021 a fọwọ́ sí i ní Paris. Ní ọjọ́ kejì, ẹrù náà dé Kútọnu. Ọdún 129 ti kọjá láti ọjọ́ tí Dodds wọ Àgbómẹ̀. Nígbà tí a ṣí wọn sílẹ̀ fún ìwòran nínú ààfin ààrẹ ní oṣù Kejì 2022, àgbà àti ọmọdé tò lọ wo ìtẹ́ tí àwọn baba wọn ti fi ẹnu ròyìn fún wọn.

Kí ni ó jẹ́ kí àwọn 26 yìí ṣeé dá padà nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn kò tíì ṣeé dá padà? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tí mo ní kí ẹ fi ọkàn sí. Ìwé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Faransé fúnra rẹ̀ ni ó sọ pé ọwọ́ Dodds ni àwọn ti gbà wọ́n. Kò sí ẹni tí ó lè jiyàn pé rírà ni wọ́n rà wọ́n. Ẹni tí ó kó ẹrù ni ó kọ ìwé tí ó jẹ́rìí fún ẹni tí ó ni ẹrù. Ère irin ńlá ti Gu, tí àwa ń pè ní Ògún, kò sí láàrin àwọn 26 náà. Òfin 2020 kò dárúkọ rẹ̀. Ohun tí a kò bá dárúkọ nínú ìwé, ìwé kì í dá a padà.

Àwọn kan nínú wa lè sọ pé, kí ni ti wa nínú ayọ̀ Dàhómì tí ó kó Kétu lẹ́rú? Mo gbọ́ wọn. Ìgbẹ́ ni ẹni tí ó ṣu ún ń gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ nìkan. Bí a bá gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ Dàhómì sí Kétu fún Faransé láyè láti kó ìtẹ́ Ghezo, a ti fi ẹnu ara wa dá àwọn tí ó kó ti tiwa láre, nítorí kò sí ìlú ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní ìjà àtijọ́ tí a lè fi bọ̀ ọ́ lójú.

OHUN TÍ Ó KAN ÌLÚ WA

Ní 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun iyebíye fún gbogbo ayé, orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni ó sì jọ ni ín: Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Togo. Ìlà 1889 kò lè dá orin dúró. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìlà náà ti kú: nígbà tí Nàìjíríà ti ààlà ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2019, tí kò sì ṣí i títí di oṣù Kejìlá 2020, ìyá ọlọ́jà tí ọmọ rẹ̀ ń gbé ní òdìkejì mọ̀ pé ìwé tí a kọ ní Paris ṣì ń jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an.

Ìdí nìyí tí mo fi gbé àbá mẹ́ta kalẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ wa. Èkíní, kí a yan àwọn tí yóò lọ láti agboolé dé agboolé, tí yóò kọ orúkọ, ìtàn àti àmì ohun àtijọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀: adé, ìlù, ère, ọ̀pá oyè, ilẹ̀kùn tí a fín. Onílé ni yóò máa pa ohun rẹ̀ mọ́. Ìwé nìkan ni ẹgbẹ́ ń fẹ́. Èkejì, kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà nípa ohun tí ó ti jáde: kí ni, ta ni ó mú un, ní ìgbà ọba wo, ṣé rírà ni, ṣé ẹ̀bùn ni, àbí a jí i? Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London àti Amẹ́ríkà sì ń kọjá níwájú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lójoojúmọ́. Ẹ wọlé, ẹ wò, ẹ ka ohun tí a kọ sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ilé. Ẹ̀kẹta, kí a kọ gbogbo rẹ̀ ní èdè Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ̀dà kan wà ní ààfin, kí òmíràn wà ní ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ̀kẹta sì wà lọ́dọ̀ ẹ̀ka ẹgbẹ́ tí ó wà lẹ́yìn odi, nítorí iná kì í sọ tẹ́lẹ̀ kí ó tó dé.

Nínú gbogbo ìwé tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ti 1863, ti 1868, ti 1889, ti 1890, Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń di kálámù mú, àwọn wa kàn ń fi àmì sí i, bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ pè wọ́n síbẹ̀. Ìwé 2016 ni àkọ́kọ́ tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀ fi béèrè ohun tirẹ̀, bí ó sì tilẹ̀ gba ọdún márùn-ún, ó so èso. Àwọn àgbà wa ṣe ti wọn: wọ́n fi orí àti ẹnu pa ìtàn mọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n orí ń kú, ẹnu sì ń dákẹ́. Nínú ọdún tí ó kọjá yìí nìkan, ẹ mọ iye àgbà tí a sin. Kí a má jẹ́ kí àwọn tí ó kù lọ kí a tó mú kálámù.

Kí Ọlọ́run dá ìlú wa sí, kí ó mú ẹ̀yin ará ilé òkèèrè bọ̀ láyọ̀, kí ó sì jẹ́ kí ìwé ẹgbẹ́ wa ti ọdún tí ń bọ̀ bá wa nínú ìlera. Àmín.